Ìyẹ̀fun Ọmọ Tí A Dà Sínú Kòtò

Aramoko ni mo bí àkọ́bí mi sí. Obìnrin kan wà lẹ́yìnkùlé wa tó máa ń ṣe ìyẹ̀fun tí a fi ń po ẹ̀kọ fún ọmọ tó bá ti ń jókòó. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni, ó ti pẹ́ nílùú. Àgbàdo, sóyà àti ẹ̀pà ni yóò yan, yóò sì lọ̀ wọ́n pọ̀. Gbogbo àwa ìyálọ́mọ inú ìjọ la ń rà á, nítorí ìmọ́tótó rẹ̀. Òun kan náà ló fi ń bọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀.

Lọ́dún kan, òjò kò jẹ́ kí ẹ̀pà tó rà ní Erijiyan gbẹ. Ó ṣa àwọn tó ti bu kúrò, ó fi ìyókù ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí ojú ọmọ ọmọ rẹ̀ fi pọ́n. A ní ibà pọ́njú ni. Ikùn rẹ̀ wú. Ọsibítù ló kú sí.

Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ tó béèrè ohun tí ọmọ náà ń jẹ ló ránṣẹ́ sí wolé-wolé, ìyẹn sì bu ìyẹ̀fun náà lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tó padà dé, ó jókòó ti obìnrin náà.

"Màmá, ẹ̀pà tó bu ti fi májèlé sí i. Ojú kì í rí i. Bí ẹ yan án, kò ní kúrò."

"Ṣé òun ló pa ọmọ mi?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀, Màmá. Mi ò sì lè sọ pé òun kọ́."

Wọ́n ní kí gbogbo wa kó èyí tó kù nílé wá. Wọ́n gbẹ́ kòtò, a dà á sí i. Òórùn rẹ̀ ta sánsán bíi ti àárọ̀ gbogbo. Ọmọ mi tó wà lẹ́yìn mi nawọ́ sí kòtò, ó ń sunkún oúnjẹ rẹ̀.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi wò, wọn ò rí nǹkan kan. Síbẹ̀, láràárọ̀ ni obìnrin náà ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa.

"Ìyàwó, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n wo ojú ọmọ."

Mi ò kọ̀ fún un rí, títí tó fi kó lọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí.

Ọmọ mi ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Bí ara rẹ̀ bá gbóná díẹ̀, ìta ni mo ń gbé e lọ, kí n fi ìka ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ nínú oòrùn. Ọkọ mi á ní, "Ó tó, ara ọmọ le." Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kì í gbọ́.