Mo Mọ Aláìsàn Mi

Lónìí ni mo di dókítà lọ́wọ́ mú lójú èrò.

Dókítà wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlú Ọba dé fẹ́ gún Ìyá Ràfíù, tí wọ́n ń ta búrẹ́dì létí rélùweè Agége, ní abẹ́rẹ́ pẹnisílìn.

Mo ní, "Ẹ dúró, sà. Abẹ́rẹ́ yìí ló mú kí ọ̀fun wọn wú nílé ìwòsàn Agége nígbà kan, wọn ò lè mí."

Dókítà ní, "Nọ́ọ̀sì, kò sí nínú káàdì wọn."

"Káàdì tuntun nìyẹn, sà. Èmi ni mo tọ́jú wọn nígbà yẹn, kí wọ́n tó gbé mi wá sí Ìkẹjà."

Dókítà gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀, wọ́n kọ oògùn mìíràn.

Ìyá wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ò gbàgbé mi."

Orí mi wú.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ló mọ ohun tí ara yín kọ̀ báyẹn nílé ìwòsàn?