Ilẹ̀kùn Bodè Àtíkòrí

Odùṣẹ̀san Àkànmú, ọmọ alárè, ọmọ a-tilẹ̀kùn-mọ́-olè, a-ṣí-i-fún-àlejò! Bàbá mi ni mò ń kì yẹn, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ìkòkò omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúró lórí mi, òun ni oníbodè Àtíkòrí, ìlú wa. Àlejò kan ò lè gba ibẹ̀ kọjá láìkí i. Bó bá tilẹ̀kùn tán nírọ̀lẹ́, a máa fọwọ́ gbá igi rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbá ẹ̀yìn ọmọ, a ní, "Ó dàárọ̀ o, ìyàwó mi." Ìyá mi a pòṣé: "Kó wá se ọbẹ̀ fún yín nígbà náà!"

Ọdún ogun Ìmàgbọn ni nǹkan yí padà. Òyìnbó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n wọn ò yin ìbọn kankan lọ́dọ̀ tiwa. Ońṣẹ́ ni wọ́n rán, òun àti ògbufọ̀.

"Ọ̀gá wa ò fẹ́ ilẹ̀ yín," ni ògbufọ̀ wí. "Ọ̀nà nìkan ló ń bèèrè. Ẹ yọ ilẹ̀kùn bodè."

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ ló lólúwa. Ọ̀nà ò ní, gbogbo ẹsẹ̀ ló ni ín. Wọ́n ní, "Ṣé ọ̀nà lásán ni? Ẹ fún un."

Bàbá mi nìkan ló ní, "Ẹ má ṣe é o. Ẹni tó bá ni ọ̀nà ló ni ilé tí ọ̀nà já sí."

Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ló ń jowú lé lórí.

Wọ́n yọ ilẹ̀kùn náà. Bàbá gbé e wálé, ó fi ti ògiri. Àwọn Òyìnbó tún ní ká ro ọ̀nà kó fẹ̀. A ro ó. Wọ́n ní kí sójà wọn máa sùn létí ọ̀nà. A kọ́lé fún wọn. Kò pẹ́, bí aládùúgbò méjì bá jà, ọ̀dọ̀ sójà ni wọ́n ń gbẹ́jọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Àgọ́-Ìwòyè àti Òrù.

Bàbá mi ò yéé lọ sí bodè. Ó máa ń jókòó sórí òkúta, a máa bi èrò níbi tí wọ́n ń lọ. Àwọn ọ̀dọ́ a fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Baba, ìyàwó yín dà?" Bàbá a ní, "Ó wà nílé, ó ń se ọbẹ̀."

Lónìí, ẹ ń sáré gba ibẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni. Ó dára, ọ̀nà yẹn náà ló gbé yín dé ilé ìwé. Ṣùgbọ́n èmi ṣì máa ń dúró kí n tó kọjá.

Nígbà tí bàbá mi kú, ìyá mi ní ká má wá pákó kiri. Ilẹ̀kùn yẹn la fi kan pósí rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ la sin ín.