Kọ́kọ́rọ́ Tí Ọkọ Mi Kì Í Gé

Ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ara mi, ẹ̀yin èèyàn mi! Láti àná ni mo ti ń rẹ́rìn-ín kiri Ìjù, àdúgbò wa, bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Ṣé ẹ mọ Bàbá Súlíyà, ọkọ mi, tó ń gé kọ́kọ́rọ́ ní Toll Gate Ṣàngó? Olórí kunkun ni, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Tí oníbàárà bá ní kó gé ẹ̀dà lára ẹ̀dà, kì í gbà. Á ní kí wọ́n lọ mú ojúlówó wá, torí pé ẹ̀dà kejì á fi àṣìṣe tiẹ̀ kún ti àkọ́kọ́, títí ilẹ̀kùn ò fi ní ṣí mọ́.

Lọ́jọ́ kan, mo lọ ṣàyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ ní ọsibítù. Wọ́n ní jẹjẹrẹ kọ́, àmọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀, ìyẹn àwọn ohun tíntìntín tó para pọ̀ di ara wa, ti ń yí padà, kí n jẹ́ kí wọ́n tètè yọ wọ́n.

Bàbá Súlíyà yarí. Ó ní nǹkan kan ò ro mí, mò ń jẹun, mò ń bá òun jà, kí ni wọ́n fẹ́ yọ? Ká ṣì máa ṣàdúà ná. Àdúà dáa o, àmọ́ èmi ò rí oorun sùn. Mo fà á lọ bá dókítà tó yẹ̀ mí wò, obìnrin jẹ́jẹ́ kan.

Dókítà ní inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni ìlànà tó ń darí rẹ̀ wà. Kó tó pín sí méjì, ó gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà ìlànà yẹn, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé. Àwọn tó ti yí padà yìí ń kánjú pín, wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Àṣìṣe á máa gun orí àṣìṣe, títí á fi ba apá ìlànà náà tó yẹ kó máa tún àṣìṣe ṣe gan-an jẹ́. Bí jẹjẹrẹ ṣe ń gbilẹ̀ nìyẹn.

Ọkọ mi bá ní: "Dókítà, ṣé ẹ̀dà lára ẹ̀dà ni wọ́n ń gé nínú ìyàwó mi? Ẹ bá mi dá wọn dúró lónìí."

Wọ́n yọ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, kò tiẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo tún ṣàyẹ̀wò, àná la sì gba èsì tuntun: ó mọ́ tónítóní! Alihamudulilahi! Wọ́n ní kí n ṣì máa wá fún àyẹ̀wò, mo ní kò burú. Ṣé ẹ rí obìnrin tó ń jó láìsí ìlù ní Toll Gate? Èmi ni o!

Ọ̀ràn tó kù báyìí ni pé obìnrin yòówù tó bá wá gé kọ́kọ́rọ́, ọkọ mi á kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti ṣàyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ. Màmá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ létí láàárọ̀ yìí! Ìgbà tó gbọ́ ìdí ẹ̀, ó gba ọ̀nà ọsibítù lọ.

Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò, ẹ̀yin obìnrin. Ẹ má dúró de ìrora. Ta ló ti ṣe é nínú yín, báwo ló ṣe rí? Ẹ wá sọ tiyín. Kọ́kọ́rọ́ màmá yẹn ṣì wà lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi, ó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀.