Òyìnbó Àná, Òyìnbó Òní

Àwọ̀ Sẹ̀gilọlá ni àwọn èèyàn máa ń rí kí wọ́n tó rí òun fúnra rẹ̀. Òyìnbó tó wá la ọ̀nà Àràmọ̀kọ̀ ni bàbá rẹ̀, kò sì tíì rákòrò tí ìyẹn fi bá tirẹ̀ lọ. Bó ṣe ń dàgbà ní Ẹ̀fọ̀n, "òyìnbó" ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu.

Nígbà tí Matthew, tíṣà kan, fẹ́ fi í ṣaya, ìyá ọkùnrin náà dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"O ò dúdú bíi tiwa, o ò sì funfun bíi tiwọn. Àwọn wo ni ká kà ọ́ mọ́?"

Matthew wolẹ̀. Kò pẹ́ tó fi gbé ọmọ Ìdó-Ilé níyàwó.

Lẹ́yìn náà ni Àdìsá dé, awakọ̀ ará Ìkirè tó fi Ẹ̀fọ̀n ṣe ilé. Ó ní, "Sẹ̀gi, àjèjì ni wọ́n ń pe èmi náà. Jẹ́ ká jọ ṣe àjèjì pọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà á kí ọmọ òun má lọ gbé àwọ̀ òun wáyé. Ó kọ̀. Àdìsá dúró títí ó fi sú u, ó padà sí Ìkirè.

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni Sẹ̀gilọlá jókòó sí títí ewú fi gba orí rẹ̀. Wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ tipẹ́ nígbà tí Ìyá Matthew, arúgbó kùjọ́kùjọ́, gbé léèsì wá bá a. Ọmọ Matthew ń mú ìyàwó bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù.

"Òyìnbó pọ́ńbélé ni," ni ìyá náà wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ulé wa ti gòkè àgbà."

Sẹ̀gilọlá ń wọn apá rẹ̀. "Ìyá, ẹ ò rántí ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi?"

"Ọmọ mi, ohun tí òyìnbó jẹ́ lójú wa nígbà yẹn kọ́ ló jẹ́ báyìí. Ayé ló yí i."

"Àwọ̀ mi ò yí, Ìyá."

"Mo mọ̀. Má bínú."

Kò bínú sí i. Ó rán aṣọ náà dáadáa. Ohun tó ń dùn ún ni pé ọ̀rọ̀ tí àwọn tó sọ ọ́ ti gbàgbé ni òun fi lé Àdìsá lọ, Àdìsá sì ti kú.

Lọ́jọ́ tí ìyàwó náà dé, gbogbo àdúgbò jáde lọ wò ó. Sẹ̀gilọlá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń ronú orúkọ tí òun àti Àdìsá ìbá sọ ọmọ wọn.