Ìyá Mi àti Ìjàkadì Òyìnbó

Bí ìyá mi bá ti jókòó ti ìjàkadì òyìnbó lórí tẹlifíṣọ̀n, kí ọmọ má wulẹ̀ sọ pé ebi ń pa òun. Akọ̀wé jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n níbi iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n nílé wa ní Ìwó, wọ́n á tú gèlè, wọ́n á fi gbàjá, wọ́n á máa pariwo pé, “Gbé e ṣánlẹ̀!” títí ẹ̀wà á fi jóná.

Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wa fi ẹ̀wà jíjóná tí mo gbé wá sílé ìwé ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbé e ṣánlẹ̀ gbì. Ọ̀gá ilé ìwé ránṣẹ́ pe ìyá mi, wọ́n ní àwọn máa lé mi.

Ìyá mi kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ foríjì í. Mi ò mọ ibi tó ti kọ́ ọ.”

Wọ́n foríjì mí. Nígbà tá a délé, ìyá mi ti ilẹ̀kùn. Mo ti ń retí ẹgba.

“Ìbàdí lo dì mú, àbí ọrùn?”

“Ìbàdí ni, mà.”

Wọ́n mí kanlẹ̀. “Ó dáa. Ọrùn léwu. Má jà mọ́ o.”

Nígbà tí bàbá mi dé, tí wọ́n bi mí pé báwo ni ilé ìwé, ìyá mi ló dáhùn: “Alihamudulilahi. Ọmọbìnrin yín ò ṣubú.”