Ọ̀sẹ̀ Tí Bàbá Mi Ní Kí N Fi Sílẹ̀

Bàbá mi kò fẹ́ràn àyè òfìfo. Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ni wọ́n ní ní Bajulaiye, èmi ni mo sì ń bójú tó ìpolówó rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí oníbàárà bá fẹ́ rí àpẹẹrẹ káàdì ìgbéyàwó, àpẹẹrẹ náà gbọ́dọ̀ ní orúkọ, ọjọ́, àti ibi tí àlejò á ti jẹun. Wọ́n ní ẹni tó bá rí àyè òfìfo á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí kò kàn án.

Níparí ọdún kan, mo jókòó láti to ìpolówó ọdún tó ń bọ̀. Mo yí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ńlá kan tí ẹ̀rọ ti bà jẹ́, mo fa ilà ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta sí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Oṣù Kìíní fún kàlẹ́ńdà àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó ṣe tiwọn, nítorí Èkó kún fún wọn. Ìwé àkókò ìṣínu fún ààwẹ̀. Ìwé iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Akoka. Ètò ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ya fọ́tò, mo kọ ọ̀rọ̀ sí i, mo sì to gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí ó máa jáde fúnra rẹ̀ bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Inú mi dùn sí ara mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù Kẹwàá ló ṣòro: ìwé ètò ìsìnkú. Bàbá mi ní a kò gbọ́dọ̀ fi òkú olókùú polówó. Mo ní kí a mú fọ́tò àjèjì kan, wọ́n bi mí pé ọmọ ta ni àjèjì náà.

"Fi tèmi sí i. Èmi ni mo ni ojú mi."

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́."

"Fi sí i jàre. Èyí tí mo wọ aṣọ búlúù yẹn."

Mo fi sí i, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́ ìbí wọn. Ó ku ọjọ́ tí wọ́n papòdà. Ojú mi wà lára ògiri, mo bá tẹ ọjọ́ tí ìpolówó náà máa jáde síbẹ̀. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó ti dáa.

Mo gbàgbé rẹ̀. Láti oṣù Keje ni mo ti ń rí wọn tí wọ́n ń dúró níwájú ògiri láràárọ̀, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń po íǹkì, iṣẹ́ tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo sún mọ́ ògiri, mo sì rí ọ̀sẹ̀ ìwé ìsìnkú tí ìka wọn ti fi íǹkì sọ di dúdú.

Mo sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà láti yọ ìpolówó náà. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Bí o bá yọ ọ́, kí ló máa wà níbẹ̀?"

Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé, ìpolówó náà jáde ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Fóònù ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, bàbá mi ló sì ń gbé e. Bí wọ́n bá ti ní "Ẹ káàárọ̀", ẹni tó pè á pa fóònù. Ìyá kan láti etí ọ̀sà Bariga, tí a máa ń tẹ ìwé tí ó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá tó fi ń di ẹja yíyan rẹ̀ fún, wọlé tòun ti omijé. Ó rí bàbá mi nídìí ẹ̀rọ. Kò pariwo. Ó rìn sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà, ó wá rọra bi mí:

"Ṣé ìwọ náà ń rí wọn?"

"Mò ń rí wọn, mà. Àpẹẹrẹ lásán ni. Èmi ni mo ṣàṣìṣe."

Bàbá mi kí i, ìyá náà yára jáde. Títí dòní, èmi nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀ bó bá wá.

Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn débi pé àyà bàbá mi ni mò ń wò, bóyá ó ṣì ń lọ sókè sódò. Wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn tán, wọ́n jẹ ẹ̀bà, wọ́n sùn. Nígbà tí mo gbọ́ tí ẹ̀rọ tún dún láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bú sẹ́kún.

Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń to ìpolówó ti ọdún yìí, bàbá mi wá dúró lẹ́yìn mi. Wọ́n ní kí n yọ fọ́tò wọn kúrò ní ọ̀sẹ̀ oṣù Kẹwàá, kí n fi iṣẹ́ mìíràn síbẹ̀. Wọ́n wá fi ìka kan ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù Kẹfà.

"Má kọ nǹkan kan sí èyí."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n lọ ń nu ẹ̀rọ wọn.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ọ̀sẹ̀ náà máa bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ikú ni wọ́n fi àyè náà sílẹ̀ fún. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí wọ́n lọ ra bébà, mo gun àga níwájú ògiri, mo sì kọ ìpolówó méje síbẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò bàbá mi nídìí ẹ̀rọ ni mo fi sí gbogbo wọn. Mo kọ ọ́ títí tí kò fi sí ibi tí lẹ́tà kan ṣoṣo lè wọ̀ mọ́.