Háùsì Ìyàwó Ọ̀gá Ó-ku-díẹ̀

Ẹni tí kò mọ nǹkan mìíràn nípa Ọ̀gá Ó-ku-díẹ̀, bíríkìlà àdúgbò wa tó ti di olóògbé, mọ ti ọjọ́ tó mọ ògiri yí ara rẹ̀ ká. Inú ilé ló dúró sí tó ń to búlọ́ọ̀kù, tó ń pìtàn lọ ràì, títí ògiri fi ga jù ú lọ. Onílé dé, ó yí ilé po, ló bá béèrè ibi tí ilẹ̀kùn wà. Ọ̀gá fọhùn láti inú pé, "Ẹ̀gbọ́n, ilé lẹ ní kí n kọ́. Ẹ ò tíì dárúkọ ilẹ̀kùn."

Àkàbà ni wọ́n fi yọ ọ́.

Onílé yìí gbọ́ èèbó díẹ̀. Ohun tó bá ṣáà ti ní òrùlé, "háùsì" ló ń pè é. Ibi tí ẹbí rẹ̀ ń gbé, háùsì ni. Ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, háùsì ni. Ó wá ní kí Ọ̀gá kọ́ háùsì fún ajá òun. Ọ̀gá mú okùn, ó fẹ́ wọn ajá níbùú lóròó, ajá bù ú jẹ lọ́wọ́. Ó ní kò sí wàhálà, gbogbo oníbàárà ló máa ń le lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Yàrá kan ni Ọ̀gá àti ìyàwó rẹ̀ háyà. Bí òjò bá rọ̀, wọ́n á máa gbé bẹ́ẹ̀dì kiri bí ẹni ń jó. Ìyàwó ń fọ ojú ọgbẹ́ náà, ó ń gbọ́ bí Ọ̀gá ṣe ń yin háùsì ajá. Ó fi aṣọ di ọgbẹ́ náà tán, ó ní:

"Bàbá àwọn ọmọ, ajá ní háùsì. Jẹnẹrétọ̀ ní háùsì. Èmi ńkọ́?"

"Tìẹ ń bọ̀. Ó ku díẹ̀."

"Ó ku díẹ̀ náà lẹ sọ nígbà tí mo lóyún àkọ́bí. Àkọ́bí ti ń fá irùngbọ̀n."

Ìpìlẹ̀ ilé tiwọn tí koríko ti bò ló ń jẹ́ ó ku díẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìyàwó ru ẹní àti ìkòkò, ó lọ jókòó sáàárín rẹ̀ nínú oòrùn. Ẹni tó bá ń kọjá, ìyàwó á kí i káàbọ̀ sí háùsì òun, á ní kó bọ́ bàtà kó tó wọlé. Àwọn oníbàárà Ọ̀gá wà lára àwọn tó ń bọ́ bàtà.

Ojú ti Ọ̀gá. Ó kó irin iṣẹ́ dé, ó bẹ ìyàwó rẹ̀ kó dìde, ìyẹn kọ̀. Ó ní àfi tí òjò bá rọ̀ tí kò kan òun. Bó ṣe kọ́lé yí i ká nìyẹn. Ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ lu páànù tuntun ni ìyàwó tó ká ẹní.

Láti ìgbà náà, bí Ọ̀gá bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìta ló ń dúró sí, tí á máa wo ilé náà bí ọkọ ìyàwó tuntun, títí ìyàwó á fi pè é wọlé. Ọ̀gá ti lọ sọ́run báyìí. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìyàwó rẹ̀, tó ti di ìyá arúgbó, á yọjú síta.

"Ẹ máa wọlé, Bàbá àwọn ọmọ. Ilé náà dúró dáadáa."

Á rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, á sì dúró díẹ̀ sí i.